Ìkúnlẹ̀ Mi Lójú Títì Ìlú Ọba

Ọdún tí owó tuntun di àwátì ni, tí àwọn ènìyàn ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì ní Òmù-Àrán, tí mo gbé àgbàdo lọ sọ́jà tí oníbàárà ní òun ò rówó, àfi kí n gba iṣu. Ọdún náà ni mo kúrò nílé. Èmi ò mọ iye tí wọ́n ń pè é nínú ìwé. Àísátù, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní kó fi sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá fi iṣu ra ọṣẹ lọ́dún náà mọ èyí tí mò ń wí.

Rísíkátù, àbígbẹ̀yìn mi, ló ní kí n wá. Ó ti ṣáájú lọ sí Ìlú Ọba, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Á wa mọ́tò lọ sílé arúgbó kan, á wẹ̀ ẹ́, á fún un lóògùn, á tún bọ́ sínú mọ́tò lọ sílé òmíràn. Ó wá bímọ. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Ìlọrin tó ń retí ìwé, kò sì sẹ́ni tí yóò gbé ọmọ náà dání tí ìyá rẹ̀ bá jáde. Bí mo ṣe di ará Òyìnbó lọ́jọ́ ogbó mi nìyẹn.

Àwọn tó ti lọ tẹ́lẹ̀ sọ fún mi pé òtútù ló máa bá mi jà. Irọ́ ni. Aṣọ ń ká òtútù. Ìlẹ̀kùn ló bá mi jà. Gbogbo ìlẹ̀kùn àdúgbò náà tì pa láàárọ̀, tì pa lọ́sàn-án. Mo kí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo tẹ orúnkún díẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń ṣe, ó sáré wọlé bíi pé mo fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á jókòó gbọn-in, ojú wọn á là, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn. Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n ti bí ìyá mi, mo ti mọ àwọn ère òkúta ibẹ̀ kí n tó pààrọ̀ eyín, bí wọ́n ṣe jókòó rẹrẹ tí wọ́n ń wò ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa, wọ́n ní ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Àwọn èyí, mi ò mọ èwo ni wọ́n ń lọ dà.

Ìgbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo nǹkan. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, Rísíkátù ní ó ní kí n gbé ẹrù mi. Ta ló sọ fún un pé mo gbé e sílẹ̀? Ìwé ń já bọ́ láti inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ìlẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà, n kì í rí ẹni tó mú un wá. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Ráímì, àkọ́bí mi tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Òmù-Àrán sí Ìlọrin, á pè mí.

"Màámi, ṣé wọ́n ń fún yín jẹ dáadáa?"

"Wọ́n ń fún mi jẹ. Bi mí bóyá wọ́n ń kí mi."

Síbẹ̀, n kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo kọ́ bí a ṣe ń tẹ nǹkan tó wà lára òpó títì kí iná tó jẹ́ kí ènìyàn kọjá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ti ọmọ náà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títì ńlá lémi nìkan, tí àwọn mọ́tò dúró fún mi láti ọ̀tún láti òsì, mo rìn bí ìyàwó ọba. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún padà kọjá, kí ó lè dá mi lójú pé kì í ṣe èèṣì.

Ọjọ́ Sátidé kan la lọ ra oúnjẹ. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀. Èmi wà níwájú pẹ̀lú Rísíkátù, ọmọ wà lẹ́yìn lórí àga rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ọmọ figbe bọnu, Rísíkátù sì bojú wẹ̀yìn wò ó. Ibi tó ti yẹ kó dúró kí àwọn tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ńlá kọjá, kò dúró. Gbàà! Mọ́tò pupa kan la kọ lù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ wọnú bíi páànù tí màlúù tẹ̀.

Mo wo ọmọ: kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo wo Rísíkátù: òun náà wà láàyè. Mo bọ́ sílẹ̀.

Ọkùnrin kan ló wa mọ́tò pupa náà. Obìnrin arúgbó kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni, imú kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀dọ̀ ìyá ni mo kọ́kọ́ lọ nítorí òun làgbà. Mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà tútù, orúnkún méjèèjì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má bínú. Àwa la ṣẹ̀ yín." Mo wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, mo kí òun náà bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé gèlè mi, ó ń sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́. Ọkùnrin náà ti bọ́ sílẹ̀ níwájú mọ́tò, ó na fóònù sókè. Mo rò pé ó fẹ́ pe àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Kò pe ẹnikẹ́ni. Fọ́tò mi ló ń yà.

Rísíkátù sáré dé. "Màámi, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, wọn kì í ṣe é níbí!"

"Wọn kì í bẹ ènìyàn níbí?"

"Ẹ ti fi hàn wọ́n pé àwa la jẹ̀bi."

"Ta ló jẹ̀bi?"

Ó ń fà mí lápá kí n dìde.

"Rísíkátù, mo ní, ta ló jẹ̀bi?"

"Àwa ni, Màámi. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́."

Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì dà nínú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé, kí ẹ má baà rò pé àìgbọ́n ló gbé mi kúnlẹ̀. Ó ti pẹ́, bọ́ọ̀sì Ráímì kọ lu àgbẹ̀ kan lórí ọ̀kadà nítòsí Ìsánlú-Ìsin, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì kán. Oòrùn ọjọ́ náà kò wọ̀ kí a tó dé ilé wọn: èmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àti Ráímì. Ráímì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín agbo ilé wọn. Bàbá tó bí àgbẹ̀ náà kò tètè ní kó dìde. Ó ń wò ó, ó ń jẹ obì, ó jẹ́ kó gbọ́ òórùn ilẹ̀ dáadáa kó tó ní, "Dìde, kí ewúrẹ́ má baà tẹ̀ ọ́." Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, àwa la ń bọ́ ọkùnrin yẹn, àwa là ń sanwó fún ẹni tó ń to eegun rẹ̀, ọjọ́ ọjà kan kì í kọjá kí n má gbé oúnjẹ lọ. Ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, wọ́n pa adìẹ fún wa. Nígbà tí Ráímì ń sọ Àísátù yìí lórúkọ, ọkùnrin náà wá, ó ń tiro díẹ̀, ó jẹun ju ẹbí lọ.

Lójú tiwa, ẹ̀bi ni nǹkan tí ènìyàn ń gbé lọ síwájú ẹni tó ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń gbé e sá pamọ́ sẹ́yìn lọ́yà.

Rísíkátù ní àwọn oní-inṣọ́ránsì ni yóò bá wa sọ̀rọ̀. Mo bi í ta ni wọ́n. Ó ní ó dà bí èésú: gbogbo oní-mọ́tò ń dá a lóṣooṣù, ẹni tí ibi bá bá ni wọ́n ń kó o fún, wọ́n á fi san ohun tó bàjẹ́.

"Ta ni olórí èésú náà?"

"A ò mọ̀ ọ́n, Màámi."

"O ń fún ẹni tí o ò mọ̀ lówó lóṣooṣù?"

"Òfin ni."

Àwọn èésú yìí wá sọ fún un lórí fóònù pé kò gbọdọ̀ pe àwọn oní-mọ́tò pupa, kò gbọdọ̀ bẹ̀ wọ́n, kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun jẹ̀bi. Mo ti di ọsàn àti búrẹ́dì sínú àpò, mo fẹ́ lọ kí ìyá arúgbó yẹn. Rísíkátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. "Bí ẹ bá lọ, wọ́n á ní ẹ wá dẹ́rù bà wọ́n." Èmi? Ọsàn ni n ó fi dẹ́rù ba ènìyàn? Mo bó ọsàn náà jẹ fúnra mi. Ó kan.

Ohun tó ń pa ọmọ mi lẹ́kún ni láísẹ́ǹsì rẹ̀. Tuntun ni. Ní ìlú yẹn, ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá ṣì tutù, bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá ti wúwo dé ìwọ̀n kan, wọ́n á gbà á, á tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò wa mọ́tò rí. Bí láísẹ́ǹsì bá lọ, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé tó fi ń gbé ìlú kú, nítorí àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló dúró fún un. Ọkọ rẹ̀ sì ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ìrìn-àjò náà. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò nìkan ló bàjẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà kéré. Tí ènìyàn bá farapa, tí wọ́n sì pọ̀, ọlọ́pàá á gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ìgbà náà ni àwọn tí a ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù rẹ̀. "A gbọ́ pé ẹ ní jàǹbá. Ṣé ọrùn ò dùn yín?" Wọ́n ní kó ṣáà sọ pé ọrùn ń dun òun, owó wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún wọn? Mo fura sí obìnrin tó ń sáré wọlé. Mo fura sí ẹni tó wá wọ́ mọ́tò wa lọ. Nígbà tó yá mo fura sí fóònù fúnra rẹ̀, tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé, màá da ìkòkò dé e.

Mo sọ fún Ráímì. Ó ní, "Màámi, ẹ fún ọlọ́pàá ní nǹkan."

"Wọ́n ní ọlọ́pàá wọn kì í gbà."

"Ẹ ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa ni."

Lẹ́yìn èyí ni ìwé jábọ́ láti inú ihò ẹnu ọ̀nà. Rísíkátù kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́yà mọ́tò pupa ló kọ ọ́. Ó ní kí a tún mọ́tò ṣe: ó tọ́. Ó ní ọrùn ń dun ìyá: bóyá. Ó wá ní ẹni méjì mìíràn jókòó sẹ́yìn mọ́tò náà, ẹ̀yìn ń dun ọ̀kan, èkejì kò lè sùn mọ́. Wọ́n fi fọ́tò kékeré kan tì í, èmi lórí ìkúnlẹ̀ nínú òjò. Wọ́n ní ẹ rí i, ìyá awakọ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́.

"Ẹni méjì wo?" ni mo wí. "Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn."

"Màámi, èmi ò wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Ọmọ ni mò ń wò. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀! Ṣé mo lè kí ẹni méjì kí n fo ẹni méjì? Nígbà wo lo rí mi tí mo wọlé onílé, tí n kò kí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀?"

Ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì ó tún bi mí, lọ́nà mìíràn, bóyá òjò wọ̀ mí lójú. Mo rí i pé ọmọ tí mo bí ń fura sí ojú mi. Ìyẹn dùn mí ju fọ́tò lọ. Mo bọ́ sí yàrá, mo kírun, n kò sì mọ ẹni tí n ó fi sun Ọlọ́run.

Rísíkátù sọ fún àwọn èésú pé ìyá òun rí inú ọkọ̀ náà. Wọ́n ní àwọn á gbọ́ láti ẹnu mi. Nígbà tí n kò gbọ́ èdè wọn, wọ́n wá ògbufọ̀ kan sórí fóònù, ọmọ Yorùbá.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ohun tí ẹ bá sọ gan-an ni n ó sọ fún wọn."

Mo fi ìsọ̀rọ̀ Ìgbómìnà wa dán an wò, mo bi í ọmọ ta ni. Kò gbọ́ ọ. Mo wá padà sí Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ. "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, Ìyá."

"Ó dára. Má fi nǹkan kún un o."

Obìnrin òyìnbó kan tó ń ṣojú àwọn èésú sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní, "Wọ́n ní ṣé ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà?"

"Sọ fún un pé n kò wò lásán. Ẹni tí n ó kí ni mò ń wá."

"Wọ́n ní kí ni ìyàtọ̀?"

"Ẹni tó ń wò lásán lè ṣì wò. Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bẹ̀ kì í fo ẹnikẹ́ni. Bí mo bá bẹ ẹni iwájú, tí mo fi ẹni ẹ̀yìn sílẹ̀, èébú ni mo lọ bú u, ẹ̀bẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó máa bọ́ nínú ìbínú rẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún un.

"Ó kúrú jù," ni mo wí. "Èyí tí mo sọ gùn ju báyẹn lọ."

"Ìyá, mo sọ gbogbo ẹ̀."

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Mo gbọ́ tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni mo wá rí lẹ́yìn, bí kò bá sí ènìyàn. Mo ní òdòdó. Ìkòkò òdòdó ńlá kan tó hu ewé gbọọrọ, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é bí ọmọ. Mo rántí nítorí ó yà mí lẹ́nu: ìlú tí wọn kì í kí ènìyàn, wọ́n ń de òdòdó ní bẹ́líìtì.

Obìnrin náà tún sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní, "Wọ́n ní kí ẹ tún ti òdòdó yẹn sọ."

Àwọn èésú ní kí lọ́yà náà fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ padà ní ńlá, bí fóònù ṣe yà á gan-an. Nígbà tó dé, èmi ni mo kọ́kọ́ hàn, bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí gèlè mi ń ṣàn omi. Lẹ́yìn gèlè náà ni gíláàsì mọ́tò wà, nínú gíláàsì, ewé gbọọrọ, bẹ́líìtì dúdú lórí ìkòkò, kò sì sí orí ènìyàn kankan. Wọ́n ń wá ẹ̀bi wa nínú fọ́tò náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò rí tiwọn. Ẹni méjì yẹn pòórá nínú ìwé tó tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tí wọ́n gbà lọ.

Kì í ṣe pé a gba òmìnira o. Àwa náà la jẹ̀bi. Èésú san ti mọ́tò pupa àti ọrùn ìyá náà. Àwọn ọlọ́pàá ní kí Rísíkátù lọ jókòó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń tún awakọ̀ kọ́, òun ló fowó ara rẹ̀ san án. Nígbà tí ọdún yí, owó èésú ga sókè tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ti jẹ̀bi rí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń rántí. Ó gba ilé arúgbó mìíràn kún tirẹ̀, èmi sì ń gbé ọmọ títí ìwé mi fi fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò lọ. Ọkọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí.

Ní gbogbo àkókò yẹn, mo rò ó pé ibi tí ẹ̀bẹ̀ ènìyàn bá ti ní ìtumọ̀ ni ilé rẹ̀. Mo ní ibí kì í ṣe ilé mi. Ó ku díẹ̀ kí n padà sílé ni mo wá rí ohun tí mo rí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù ni. Mo ń yan tòmátì, mo gbójú sókè, mo rí ìyá arúgbó mọ́tò pupa níbi iyọ̀. Ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá iyọ̀. Mo ní, háà, ọrùn tí a sanwó lé lórí! Ló bá rí mi. Mo rò pé yóò sáré lọ bí obìnrin àdúgbò wa. Kò sá. Ó fi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá mi, ó ń sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó rí i pé n kò gbọ́, ó di pẹpẹ tí wọ́n to ọjà sí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún. Díẹ̀díẹ̀. Orúnkún náà ń dún. Obìnrin òyìnbó, láàárín ṣọ́ọ̀bù, bí mo ṣe ṣe fún un nínú òjò.

Mo sáré dì í mú lápá, mo gbé e dìde kó tó délẹ̀. Mo ní, "Ó tó, Ìyá. Ó ti parí." Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e, wàláì, mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ya fọ́tò.

Kò sí níbẹ̀. Bóyá ọmọ rẹ̀ ló fi ẹni méjì yẹn kún un, bóyá lọ́yà ni, bóyá òun náà mọ̀ sí i, n kò lè bi í. A dúró bẹ́ẹ̀, a di ara wa lọ́wọ́ mú níwájú tòmátì, àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bí ère Ẹ̀sìẹ́ tó ń rìn.

Nígbà tí mo délé, tí a jẹun Iléyá tán, tí àwọn ọmọ mi péjọ, tí Rísíkátù wà lórí fóònù, Ráímì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ṣì máa ń kúnlẹ̀ fún onímọ́tò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán.

Mo wá sọ fún wọn pé, bí ẹ bá ṣẹ ènìyàn, ẹ kúnlẹ̀ fún un, ibi yòówù kí ẹ wà, kódà kí òfin ní kí ẹ má kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kúnlẹ̀ tán, ẹ má di ojú.